Orin tí mo ti dáńlóòdù, ta ló kó o lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní áàpù orin kan tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù. Mo ti dáńlóòdù fújì àti jùjú rẹpẹtẹ síbẹ̀, torí ọjà Balógun ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í sì í dúró. Lóṣù tó kọjá mi ò ráyè sanwó, ni gbogbo orin bá dákẹ́. Ṣebí inú fóònù mi ni wọ́n wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Inú fóònù yín ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe tiyín. Àṣẹ láti máa gbọ́ orin ni owó oṣooṣù rà. Ẹni tó háyà ilé lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, ilé ò torí ìyẹn di tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dáńlóòdù, áàpù á gba orin náà wá, á sì tì í pa lọ́nà tí ẹ̀rọ orin mìíràn ò fi ní lè kà á. Áàpù yẹn nìkan ló lè ṣí i, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló sì ń pàṣẹ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ máa kan íntánẹ́ẹ̀tì. Spotify, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, fẹ́ kí ẹ tan dátà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́ kí ó lè rí i pé owó yín ṣì ń wọlé. Ẹni tó sanwó ṣùgbọ́n tí kò tan dátà lè pàdánù orin tó gbà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ò jẹ gbèsè, dátà mi sì wà. Àwọn orin kan ṣá lójú áàpù, tí mo bá tẹ̀ wọ́n, wọn ò dún.

Ìdáhùn: Áàpù náà ò ni orin. Òun náà ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, orílẹ̀-èdè kan sì lè ní àṣẹ tí òmíràn ò ní. Tí àdéhùn bá tú, orin á kúrò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, orin àwọn olórin Universal, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí TikTok torí wọn ò fẹnu kò lórí owó àti nǹkan mìíràn. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó parí ìjà.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni orin ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá STAR Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àpàlà àti sákárà àtijọ́ ló rọrùn jù láti sọ nù báyìí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ẹni tí àṣẹ àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ta ni áàpù fẹ́ bá ṣàdéhùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, orin tí wọ́n kó sínú mẹ́mọ́rì káàdì mi ní Computer Village, Ìkẹjà, ṣì ń dún láti ọdún yìí wá. Kí ló dé?

Ìdáhùn: MP3 ni, àbúrò. Kò ní títì, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó tó dún. Àmọ́ kọ́bọ̀ kan ò dé ọwọ́ ẹni tó kọ orin náà, òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, Copyright Act 2022, ò sì gba irú àdàkọ títà bẹ́ẹ̀. Káàdì pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ayédèrú wà tí wọ́n kọ 64GB sí lára, tí ohun tó lè gbà ò tó ìdajì rẹ̀. Bó bá kún, á máa ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè: Dátà mélòó ni orin ń jẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland?

Ìdáhùn: Bí ohùn orin bá ṣe já gaara tó ni dátà tó ń jẹ ṣe ń pọ̀ tó, kbps ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ní 320kbps, wákàtí kan á jẹ nǹkan bí 144MB. Ní 96kbps, kò ju nǹkan bí 43MB lọ. Inú sẹ́tíǹsì áàpù lẹ ti máa yí i.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe kí orin di tèmi pátápátá?

Ìdáhùn: Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń ta fáìlì rẹ̀. Bandcamp jẹ́ ọ̀kan: ẹ sanwó, ẹ gba fáìlì tí kò ní títì, olórin náà sì gba owó. Bí ẹ bá ní CD, ẹ dà á sínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kíákíá ni kásẹ́ẹ̀tì àwọn òbí yín, torí téèpù ń bàjẹ́ bó ṣe ń pẹ́. Ẹ wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wáyà so ihò gbohùngbohùn etí rẹ̀ mọ́ ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn, kí ẹ wá fi Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, gbà á sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan á gba wákàtí kan, kò sí bí a ṣe lè yá a. Ẹ kọ orúkọ olórin àti ti àwo sí fáìlì náà kó tó di pé ẹ gbàgbé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kejì síbòmíràn yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà yẹn.