Kíkọ́ Politics ní Sixth Form: Ẹ Dá Ẹjọ́ Náà

Ohun tí àwọn òbí sábà máa ń bi mí kí ọmọ wọn tó mú Politics (ẹ̀kọ́ nípa òṣèlú) ní sixth form, ìyẹn ọdún méjì tó gbẹ̀yìn nílé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé ṣé ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti máa ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Rárá o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò kọ́ ọ rí kó tó di ìpele yìí, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹnì kejì. Ohun tí èmi máa ń wò ni bóyá ọmọ náà lè jiyàn láì bínú.

Ìwé ìdánwò mẹ́ta ni A-level Politics, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí sixth form, ní, wákàtí méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ Edexcel, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò náà, èyí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ òṣèlú ilẹ̀ Britain, èkejì jẹ mọ́ bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta sì lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti àgbáyé. Àwọn èrò òṣèlú bíi liberalism (tó gbé òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan lárugẹ) àti socialism (tó gbé ìdọ́gba lárugẹ) náà wà níbẹ̀. Ìwé kíkà ni tiwọn gbà.

Àròkọ onímáàkì 30 ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Máàkì 10 wà fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, 10 fún bó ṣe tú u palẹ̀, 10 fún ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ọmọ gbọ́ ìyẹn dáadáa: wọ́n á kọ tọ̀tún, wọ́n á kọ tòsì, wọ́n á wá fọwọ́ lẹ́rán. Ẹjọ́ wà nílẹ̀ láìdá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan: ṣé ó yẹ kí wọ́n yí ètò ìdìbò sí Ilé Aṣòfin Britain ní Westminster padà? Lábẹ́ ètò náà, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń gba àga ibẹ̀. Lọ́dún 2024, nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ẹgbẹ́ Labour ní, àga 411 ló sì gbà nínú 650. Ìbò ẹgbẹ́ Reform UK ju ti ẹgbẹ́ Liberal Democrats lọ, síbẹ̀ àga 5 ló kàn án, Liberal Democrats sì kó 72. Ẹni tó kọ èyí tó dúró síbẹ̀ ti fi ìmọ̀ hàn, ó tán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú á sọ ìdí rẹ̀: ìbò Reform fọ́n káàkiri, ti Liberal Democrats pọ̀ sójú kan láwọn àgbègbè tí wọ́n ti lè borí.

Àwọn tó wà lódì kejì á ní aráàlú ti kọ àyípadà lọ́dún 2011, nígbà tí nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní àwọn ò fẹ́ AV, ètò tí olùdìbò ti ń to àwọn olùdíje tẹ̀léra bó ṣe fẹ́ràn wọn sí. Ibí yìí ni mo ti ń mọ ọmọ tó ń ronú. AV fúnra rẹ̀ kì í pín àga bí ìbò bá ṣe pọ̀ tó, nítorí náà bí wọ́n ṣe kọ̀ ọ́ kò sọ pé wọ́n kọ ètò tó ń pín in bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì ní ètò òní ń fúnni ní ìjọba tó lágbára ní láti dáhùn fún 2010 àti 2017, tí ẹgbẹ́ kankan ò ní àga tó pọ̀ tó láti dá ṣèjọba.

Ẹ sọ ìdájọ́ yín ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí gbogbo èyí tó kù máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ìhà tẹ́ ẹ wà kò kan ẹni tó ń máàkì. Ìdí tẹ́ ẹ fi wà níbẹ̀ ló ń wá.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àlòkù pẹ̀lú. Fixed-term Parliaments Act, òfin tó so ìdìbò gbogbogbò mọ́ ọdún márùn-ún márùn-ún, ti kúrò nílẹ̀ láti 2022, ó ṣì ń gbé nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ fún àbúrò. Ní ti ìbéèrè tí wọ́n ń bi Olóòtú Ìjọba lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó dùn ún wò, n kò ní purọ́, àmọ́ ariwo ló pọ̀ níbẹ̀. Ìjókòó ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, níbi tí mínísítà ti ń jókòó ṣàlàyé ara rẹ̀, lẹ ti máa rí ẹ̀rí tó ṣeé gbé wọ yàrá ìdánwò.