Kíkùn Yẹn Gan-an Ni Ohùn Ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, rudra veena, ohun èlò orin olówaya àwọn ará Índíà, kọ́ ni wọ́n fi ń pe ejò nínú fíìmù Índíà o! Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí lóṣù yìí. Been làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, wọ́n sì ń pe fèrè apejò náà ní been, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti lọ́. Èyí tí mò ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lọ́ńdọ̀nù, waya ló ní, kì í ṣe fèrè.

Ọ̀pá gbọọrọ ni, akèrègbè ńlá méjì lábẹ́ ẹ̀. Asad Ali Khan, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú títa á tó kú ní 2011, máa ń gbé ọ̀kan lé èjìká òsì, á fi òrùka waya sí ìka ọwọ́ ọ̀tún méjì tó fi ń ta á, ọwọ́ òsì á máa fa waya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn kan lè yọ́ wọnú èkejì. Àwọn kan ní obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìsọkúsọ! Jyoti Hegde ńkọ́, ṣebí obìnrin ni, ó sì ń ta á kárí ayé.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Egungun pẹlẹbẹ kan wà tí waya gùn lé, jawari ni wọ́n ń pe bí wọ́n ṣe ń fá ojú ẹ̀. Kì í ṣe ṣóńṣó bíi ti gìtá, ó rọra dagẹ̀ẹ́rẹ́ ni, tí waya bá ń gbọ̀n á máa kàn án, á tún máa fi í sílẹ̀, òun ló ń kùn wọ̀ọ̀n bí oyin nínú afárá. Mo lè fá a lọ́jọ́ méjì gbáko, n fá díẹ̀, n dẹtí, n tún fá, tó bá fi bí irun orí lé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá gbé tiẹ̀ dé. Atúngìtáṣe kan ló ní kíkùn yẹn ò dáa, ló bá kó fáìlì bo egungun, kò tán síbẹ̀, ó ha ìda tó mú àwọn igi ìtẹka, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ waya mọ́, dúró dànù, ó fi súpágúlù lẹ gbogbo ẹ̀ pa, ìda tí wọ́n dìídì fi sí i kí wọ́n lè máa sún un tí ohùn bá yẹ̀! Mo ta waya kan, ó dún kpọ́ bíi páálí bàtà. Orí mi gbóná. Mo gbẹ́ egungun tuntun, mo fá a, mo tò ó.

Ọjọ́ tó wá gbé e, mo ta á fún un, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kùn. Ó dúró, ó ní, "Bọ̀dá, ó dáa o, àmọ́ ṣé ẹ ò lè bá mi dín kíkùn yẹn kù díẹ̀?"