Kí ẹ tó fi omi bo ilẹ̀ oko àtijọ́

Ilẹ̀ oko kan lè wà tí àgbàdo ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀, tí báǹkì gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró owó, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń fẹsẹ̀ lásán sáré kiri lórí rẹ̀, síbẹ̀ kó pa ẹyẹ rẹpẹtẹ lọ́dún tí omi bá kọ́kọ́ bò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní etí àríwá adágún Apopka, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni àwọn àgbẹ̀ ti fa omi rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ra ilẹ̀ náà kó lè padà di àbàtà. Omi bo ibẹ̀ lọ́dún 1998, ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, ẹyẹ òfú funfun àti àkọ̀ àtàwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn mìíràn sì rọ́ wá jẹun. Kí ìgbà òtútù yẹn tó parí ní 1999, òkú ẹyẹ tí wọ́n rí ti lé ní 600. Oògùn apakòkòrò ayé àtijọ́ ni wọ́n bá nínú ara wọn: toxaphene, dieldrin àti ohun tó ṣẹ́kù lára DDT. Ẹ rántí pé ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de DDT.

Mo fi Apopka ṣáájú torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé iṣẹ́ ńlá àti ibùdó epo nìkan ni májèlé ń gbé. Wọ́n á wo ìgbèríko, wọ́n á rí koríko tútù, wọ́n á ní ilẹ̀ mọ́.

Òfin ló sì ń gbé àwa tó ń tún àbàtà ṣe lọ sórí oko wọ̀nyí. Gẹ́gẹ́ bí abala 404 nínú Òfin Omi Mímọ́ ti 1972 ṣe wí, ẹni tó bá fẹ́ kó erùpẹ̀ dí àbàtà tó wà lábẹ́ òfin náà láti la títì tàbí láti kọ́lé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ẹnjiníà iléeṣẹ́ ọmọ ogun. Ìlànà tí Corps àti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, jọ gbé jáde ní 2008 ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ yẹra fún àbàtà náà. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, kó dín ibi tí yóò bà jẹ́ kù. Èyí tó bá wá ṣẹ́ kù tí kò ní àtúnṣe, kó fi àbàtà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìlànà yìí sì fẹ́ ká tún ibi tó ti jẹ́ àbàtà rí ṣe, ju ká lọ gbẹ́ tuntun sórí ilẹ̀ gbígbẹ, torí èyí tó ti wà rí ló máa ń tètè gbà. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ níbo ni àbàtà tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ máa ń wà bí kò ṣe abẹ́ oko? Ibi tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn láti ayébáyé ni wọ́n ń ní ká lọ.

Ẹni tó ń ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìwé àyẹ̀wò kan lọ́wọ́, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní Phase I. Ìlànà E1527 ti ASTM, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é, tàbí E2247 tó wà fún igbó àti ilẹ̀ ìgbèríko. Ẹni tó ṣe é á ka àkọsílẹ̀, á rìn yí ilẹ̀ ká, á bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Kì í bu erùpẹ̀. Ìdí tí ìwé náà fi wà ni òfin Superfund ti 1980, tó lè mú kí ẹni tó ra ilẹ̀ sanwó ìfọ̀mọ́ ohun tí ẹlòmíràn dà síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé òfin Superfund yìí kan náà yọ oògùn apakòkòrò tó ní ìwé ìjọba, tí àgbẹ̀ fọ́n sí oko rẹ̀, kúrò nínú ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ gba owó ìfọ̀mọ́ lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú lè kọ ọ́ pé òun kò rí ìṣòro kankan, kó sì jẹ́ òótọ́ ló kọ, nígbà tí oògùn ogójì ọdún ṣì wà nínú erùpẹ̀. Ìwé tó ń gba olówó lọ́wọ́ gbèsè ni. Ẹni tó bá fi í ṣe ìwé àṣẹ láti da omi bo ilẹ̀ dà bí ẹni tó fi láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wa bàálù.

Kí wá ni omi ń ṣe fún ilẹ̀? Ó ń lé ọ́síjìn jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn bakitéríà inú erùpẹ̀ tó ti fi ọ́síjìn ṣe ayé á yíjú sí ohun mìíràn, ìpẹtà irin sì wà lára rẹ̀. Arsenic, èròjà olóró kan, tó ti lẹ̀ mọ́ ìpẹtà náà tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu á wá tú sínú omi. Àwọn bakitéríà mìíràn tó ń lo sulfate, iyọ̀ kan inú ilẹ̀, á sọ mercury lásán, irin olóró kan, di methylmercury, èyí tó máa ń kó jọ sí ara ẹja, tó sì ń pọ̀ sí i lára ohun tó bá jẹ ẹja náà. Ní ti DDT àtàwọn ẹbí rẹ̀, wọn kì í tètè yòrò sínú omi. Ọ̀rá ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á gba ara ekòló àti kòkòrò dé ara ẹja, láti ara ẹja dé ara ẹyẹ. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ oko àgbàdo, kò sí ẹyẹ òfú tó ń wá oúnjẹ wá síbẹ̀. Omi yí kẹ́míkà ilẹ̀ padà, ó sì tún pe àwọn àlejò tó ń jẹ ohun tó ń ti inú ilẹ̀ jáde.

Omi tó máa wọlé náà ṣe pàtàkì. Ní Kesterson, ní ìpínlẹ̀ California, omi tó ń ṣàn kúrò ní àwọn oko ni wọ́n darí sínú adágún táwọn ẹyẹ ń lò. Selenium, èròjà kan tó lè di májèlé, tí omi náà fọ̀ láti inú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, nígbà tó sì di 1983, wọ́n rí ọmọ ẹyẹ tí ara wọn kò pé nínú ẹyin. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó da májèlé síbẹ̀.

Iṣẹ́ wíwá gan-an ló kàn, òun náà ló sì máa ń gba àkókò jù. Àkọsílẹ̀ kì í pọ̀ nígbèríko. Táǹkì epo inú ilẹ̀ tí kò ju gálọ́ọ̀nù 1,100 lọ, tí àgbẹ̀ ń lò fún katakata tirẹ̀, kò sí lábẹ́ òfin táǹkì ìjọba àpapọ̀. Torí náà ẹ lè wá orúkọ oko náà nínú gbogbo ìwé kí ẹ má rí i. Fọ́tò tí bàálù yà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Láti àwọn ọdún 1930 ni iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ti ń ya oko láti òkè, ẹ sì lè tò ó tẹ̀ lé ara wọn kí ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe ń yí padà. Ẹ máa wo ojú ọ̀nà bàálù kékeré, torí ibi tí bàálù tó ń fọ́n oògùn ti ń gbérù máa ń burú ju àárín oko lọ. Ẹ máa wo abà tó wà nínú fọ́tò ọdún kan tí kò sí mọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, àti gegele tí wọ́n ti ń da agolo òfìfo àti bátìrì sí.

Ibi tí igi wà ní ìlà ìlà nínú fọ́tò jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Kí DDT tó dé, oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ lead arsenate ni àwọn olóko ápù ń fọ́n. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń lò ó, ọdún 1988 ni wọ́n sì tó fagi lé e pátápátá ní Amẹ́ríkà. Òjé àti arsenic inú rẹ̀ kì í jẹrà. Ìpele òkè erùpẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, bí igi tiẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá. Ní oko ọsàn Florida, bàbà ló ń ṣẹ́ kù sínú erùpẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ra irú àwọn oko bẹ́ẹ̀ fún àtúnṣe Everglades, àbàtà ńlá tó wà ní gúúsù Florida, ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé bí omi bá bo ilẹ̀ náà, ìṣáwùrú á gba bàbà sára, àṣá tó jẹ́ pé ìṣáwùrú ni oúnjẹ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́.

Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tún ní kòtò ìrì màlúù. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ogun eégbọn lọ́dún 1906, wọ́n sì ń fi dandan mú màlúù la kòtò tóóró oníkọnkéré kan kọjá, tó kún fún omi arsenic. Ní Florida nìkan, irú kòtò bẹ́ẹ̀ lé ní 3,000. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti dí pa tàbí tí igbó ti bò, ẹ̀bá omi ni wọ́n sì sábà máa ń gbẹ́ wọn sí, torí omi ni wọ́n fi ń po oògùn.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n da ìgbẹ́ tí wọ́n sẹ́ láti inú omi ẹ̀gbin ìlú sí oko náà gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. PFAS, àwọn kẹ́míkà àtọwọ́dá tí kì í tètè jẹrà, máa ń bá a wá. Ìpínlẹ̀ Maine ti fòfin de dídà á sí ilẹ̀ ní 2022.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó dá oko níbẹ̀, ẹ má bi í pé ṣé ó ba ilẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í níbi tó ti ń pọnmi tó fi ń po oògùn, àti ibi tó ti ń fọ ẹ̀rọ ìfọ́noògùn. Á fọwọ́ júwe rẹ̀ fún yín tìdùnnú-tìdùnnú.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó bu erùpẹ̀. Ẹ bu ìpele òkè lọ́tọ̀, ẹ bu ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ní àárín oko tó tẹ́jú, ẹ lè kó ti ibi púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti fura, ẹ má ṣe pò ó mọ́ ti ibòmíràn, torí ìyẹn ń bo ibi tó burú mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù kí ẹ tó sanwó pé ìwọ̀n tó kéré jù wo ni ẹ̀rọ wọn lè rí, torí èsì tó ní “a kò rí i” kò wúlò bí ẹ̀rọ náà kò bá lè rí ìwọ̀n tó ń pa ẹyẹ. Ẹ má sì fi òǹkà tí wọ́n ṣe fún àgbàlá ilé ènìyàn ṣe òdiwọ̀n àbàtà. EPA ní òǹkà tó ń jẹ́ Eco-SSL fún ẹyẹ àti ẹranko, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí èsì bá sún mọ́ ààlà, èmi máa ń ní kí wọ́n rọ erùpẹ̀ náà sínú agbada, kí wọ́n bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wá yẹ omi náà wò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó katapílà.

Bí ó bá burú, ilẹ̀ náà lè má bọ́ sọ́wọ́ òfo. Ẹ lè fi apá tó burú sílẹ̀ ní gbígbẹ, tàbí kí ẹ ha ìpele òkè rẹ̀ kúrò. Ní Apopka, wọ́n fi ohun ìtúlẹ̀ ńlá yí ilẹ̀ padà, tí erùpẹ̀ olóró fi bọ́ sí ìsàlẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ sì bọ́ sókè. Èyí tí mo kórìíra ni kí wọ́n ha erùpẹ̀ òkè kúrò láti jẹ́ kí ilẹ̀ rẹlẹ̀, kí wọ́n wá fi erùpẹ̀ kan náà mọ òkìtì yí àbàtà ká, níbi tí òjò á ti máa fọ̀ ọ́ padà sínú omi. Kó wà nínú àwòrán iṣẹ́ ibi tí erùpẹ̀ náà ń lọ.

Kí gbogbo èyí sì ṣẹlẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nínú ìwé àdéhùn rírà, ẹ fi í síbẹ̀ pé ẹ ní àyè láti gbẹ́ ilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé ẹ lè gba owó tí ẹ kọ́kọ́ san sílẹ̀ padà bí èsì kò bá dára fún àbàtà, kódà bí Phase I bá ní kò sí nǹkan kan.