Lossless Kì Í Fi Nǹkan Kún Orin

Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kàwé ní UNIOSUN gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde ṣe, lọ́nà Ọláìyá níbí ní Òṣogbo. Dátà 20 GB tó rà fún oṣù kan kò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń mu dátà mi lábẹ́lẹ̀." Mo wò ó. Kò sí ohun tó ń mu ún lábẹ́lẹ̀. Áàpù orin rẹ̀ ló ń mu ún ní gbangba. Ó ti lọ yan lossless, ìyẹn orin tí wọn kò gé nǹkan kan kúrò nínú fáìlì rẹ̀, nínú sẹ́tíńgì, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ẹni tí kò bá gbọ́ lossless kò tíì gbọ́ orin.

Mo bi í pé kí ló fi ń gbọ́ ọ. Ó fa sípíkà Bluetooth kékeré kan yọ nínú báàgì, èyí tó rà ní ọjà Ìgbọ̀nà. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ẹ̀gbọ́n. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ gan-an ni."

Mi ò bá a wí, torí kì í ṣe òun nìkan. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn DJ òde àríyá, lẹ́nu àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́nu àwọn tó ń ti orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún oníbàárà, pé lossless máa ń mú kí orin dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lossless kì í fi nǹkan kan kún orin. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kò yọ nǹkan kan kúrò. Bóyá etí rẹ á sì mọ̀ pé wọn kò yọ ọ́, ọwọ́ àwọn ohun tó wà láàárín fáìlì náà àti etí rẹ ló kù sí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí síídì bẹ̀rẹ̀. Síídì, tó dé ọjà ní 1982, máa ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí a bá ṣírò rẹ̀, kílóbíìtì 1,411 ni fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nǹkan bí MB mẹ́wàá ààbọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Wáyà tẹlifóònù ayé ìgbà náà kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg lára wọn, fi ṣiṣẹ́ lórí ohun tí gbogbo wa wá mọ̀ sí MP3. Ọdún 1995 ni wọ́n fi orúkọ yẹn sí ìdí fáìlì rẹ̀.

MP3 ń gé nǹkan kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í kàn gé e ṣákálá. Ó mọ bí etí ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn onílù dùndún bá ń ṣeré lọ́wọ́. Bí ìyáàlù bá ké lójijì, tí ẹnìkan sì ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ kan omele lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọwọ́ olómele tó ń lọ tó ń bọ̀, àmọ́ etí yín kò ní gbọ́ ọ. Ohùn ìyáàlù ti bò ó mọ́lẹ̀. Irú ohùn tí ohùn mìíràn ti bò báyìí ni MP3 ń wá kiri, òun ló ń dà nù tàbí tó ń kọ sílẹ̀ ní kò-dáa-kò-burú. AAC tí Apple ń lò àti Ogg Vorbis tí Spotify ń lò, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń dá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ́ ju ti MP3 lọ.

FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, yàtọ̀. Ọdún 2001 ló jáde, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Apple náà ní tirẹ̀, ALAC. Bí ẹ bá fi MP3 wé télọ̀ tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí aṣọ tí kò hàn síta, ẹ fi FLAC wé ẹni tó ń ká agbádá aṣọ òkè sínú àpótí. Ó ká a mọ́ra títí tó fi kéré sí nǹkan bí ìdajì, tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u, kò sí fọ́nrán kan tó sọnù. Òun ni wọ́n ń pè ní lossless. Tidal, áàpù orin kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2014, Apple Music gbé tirẹ̀ dé ní oṣù kẹfà ọdún 2021 láì fi owó kún un, Spotify náà sì wá darapọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Ṣé etí wá lè mọ ohun tí télọ̀ gé? Ó dá lórí bó ṣe gé e tó. Bí fáìlì bá wà ní kílóbíìtì 320 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí AAC 256 ti Apple, tí ẹnìkan gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lossless láìmọ èyí tó ń dún lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè mú ìyàtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé e dé 64, bíi ti ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ tó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì káàkiri ìlú, tàbí tí Spotify bá wà lórí èyí tó kéré jù, tó jẹ́ nǹkan bí 24, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Orin tiwa ni yóò kọ́kọ́ tú u fó. MP3 máa ń gé orin sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ohùn tó bá ta lójijì sì máa ń tàn ká inú ègé tó wà. Agogo tó yẹ kó dún ṣáká á ní ariwo kékeré kan tó ṣíwájú rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí epo tó ń ta nínú agbada. Ẹni tó bá ṣàròyé pé àpàlà inú fóònù òun kò dún dáadáa, àròyé rẹ̀ lè tọ̀nà. 320 tó láti wo àìsàn yẹn. Kò dìgbà tó bá dé lossless.

Ọ̀rọ̀ sípíkà ọmọ yìí ló dùn mí jù. Bluetooth kì í gbé orin bó ṣe wà. Fóònù á kọ́kọ́ tú FLAC yẹn ká, lẹ́yìn náà á tún un gé, kó tó lè fi ránṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́. SBC, ọ̀nà ìgé tí gbogbo ẹ̀rọ Bluetooth orin gbọ́dọ̀ ní, nǹkan bí 328 ló sábà máa ń dé níbi tó ti dára jù. LDAC ti Sony lè dé 990. Ẹ rántí pé 1,411 ni síídì. Apple fúnra wọn kọ ọ́ síta pé orin tó bá gba orí Bluetooth kì í ṣe lossless mọ́. Qualcomm, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù fóònù, ní aptX Lossless tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ ní in, earpiece náà gbọ́dọ̀ ní in, irú rẹ̀ kò sì pọ̀ ní ìgboro wa. Nítorí náà, ọmọ yìí ń san owó dátà odindi aṣọ, ó sì ń gbé e fún télọ̀ mìíràn lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ̀ ọ́.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ìyàtọ̀." Mo gbà á gbọ́. Kò parọ́. Mo mú síídì kan tí mo ní, mo sọ orin kan nínú rẹ̀ di FLAC, mo sì fi FLAC náà ṣe MP3 320. Mo mú kí ìró méjèèjì bára mu, mo fún un ní earpiece oníwáyà tó dára, mo ní kó kọ ojú sí ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo yí i padà fún un. Ó gba márùn-ún, ó pàdánù márùn-ún, bí ẹni ń ju owó ẹyọ sókè. Lẹ́yìn náà, mo fi díẹ̀ kún ìró MP3 láìsọ fún un. Lójú ẹsẹ̀ ló ní, "Èyí ni lossless!" Etí ènìyàn máa ń rò pé ohùn tó fi díẹ̀ ròkè ló mọ́ jù. Áàpù méjì kì í sábà dún ní ìwọ̀n kan náà, nígbà mìíràn sì rèé, ẹ̀dà orin tó wà lórí ọ̀kan ti gba àtúnṣe tí ti èkejì kò gbà. Ìyàtọ̀ tí ọmọ náà gbọ́ wà lóòótọ́, ohun mìíràn ló fà á.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń ná àwọn ènìyàn lówó: sísọ MP3 di FLAC. Àwọn kan ń gba owó lé e lórí, wọ́n ń pè é ní "original". Òṣogbo ìlú aró ni wá, ẹ̀yin náà mọ àdìrẹ tó ti ṣá. Ẹ ká a sínú àpótí tuntun, ẹ fi òróró olóòórùn dídùn sí i, kò ní padà dúdú. Ohun tí MP3 ti gé nù kò sí nínú fáìlì náà mọ́, FLAC kò sì mọ ibi tí yóò ti rí i. Fáìlì lè fẹ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn inú rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Bákan náà ni orin tí wọ́n bá fà láti YouTube, tí wọ́n wá fi FLAC dì.

Ti 24-bit/192 (bíìtì 24, ìgbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí wọ́n ń pè ní hi-res, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. 44,100 ti síídì lè gbé ohùn tó ga dé 22 kHz (ìgbọ̀n 22,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), etí ọmọdé kì í sì ju 20 lọ, ti àgbà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe orin ní sítúdíò nílò bíìtì 24 nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì Gbọ̀ngán kò nílò rẹ̀. Apple ní 10 GB lè gba nǹkan bí orin 3,000 ti AAC, 1,000 ti lossless, 200 péré ti hi-res. Orin tiwa tún gùn: ojú kan àwo jùjú tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, MB 48 ni ní 320, ó sì lè ju 120 lọ ní lossless.

Mo dá áàpù ọmọ náà padà sí 320, mo ní kó fi owó tó bá ṣẹ́kù ra earpiece oníwáyà tó bo etí dáadáa.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí mo ti máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n lo lossless, ibẹ̀ ni wọn kì í sì í rántí rẹ̀: àwọn kàsẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí ilé wa. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí MP3, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì tún un kọ sílẹ̀ bí MP3, télọ̀ tún gé e ni. FLAC, ẹ lè tú u kí ẹ sì ká a nígbà ọgọ́rùn-ún. Mo sọ èyí fún ọmọ náà bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó sì dúró. Ó ní ìyá ìyá òun sun rárà níbi ìgbéyàwó kan ní Òkè Báálẹ̀, wọ́n gbà á sí kàsẹ́ẹ̀tì, ìyá náà sì ti lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e dé. Mo fi spirit nu orí ẹ̀rọ, mo fi bírò yí téèpù tó ti dẹ̀ padà, mo so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà. Wákàtí kan gbáko la jókòó tì í, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Fáìlì FLAC náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 MB. A fi ẹ̀dà kan sínú flash, ọ̀kan sínú hard disk mi, a sì fi MP3 kékeré kan ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ lórí WhatsApp.