Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́?

Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún àwọn òbí kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, pé ọmọ ilé ìwé kan ti wọ ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ẹ̀kọ́ rí ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ń dìbò níbẹ̀ bí àgbà, ìbéèrè kò tíì tán lẹ́nu wọn. Mo kó àwọn tó ta kókó jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Báwo ni ọmọ ilé ìwé ṣe lè di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pàṣẹ fún ilé ìwé?

Ìdáhùn: Ìbò ni wọ́n fi yàn án. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, àwọn ará àdúgbò ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìgbìmọ̀ yìí ló sì ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná, tó sì ń gba ọ̀gá àgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ síṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní ìlú Boise ní ìpínlẹ̀ Idaho, Shiva Rajbhandari, ọmọ ọdún 18 tó ṣì wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, díje, ó sì borí ẹni tó ti wà lórí àga náà. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni kó tó di ìgbà yẹn: ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà ló ká a lára, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa lo iná tí kì í ba àyíká jẹ́. Wọn kò ṣe òfin tuntun kankan nítorí tirẹ̀, torí pé láti ọdún 1971 ni ẹni ọdún 18 ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní ìpínlẹ̀ Maryland, àwọn ìgbìmọ̀ kan ní àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, agbára àga náà kò sì dọ́gba láti ibì kan sí èkejì. Ní agbègbè Anne Arundel, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń dìbò lórí ohun gbogbo, títí kan owó. Ní agbègbè Howard, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan ẹnì kejì wọn, ṣùgbọ́n kò lè dìbò lórí ètò ìṣúná tàbí lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Nígbà àrùn Kòrónà, ìbò akẹ́kọ̀ọ́ Howard wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tètè ṣí padà, inú bí àwọn òbí kan, wọ́n sì gba ilé ẹjọ́ lọ pé ọmọdé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àga yẹn. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá akẹ́kọ̀ọ́ láre.

Ìbéèrè: Ṣé a ní irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ìdáhùn: A kò ní ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ará ìlú ń dìbò yàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń darí ilé ẹ̀kọ́ wa, SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló sì wà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí PTA, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní SBMC, níbi tí olóyè àdúgbò, òbí, olùkọ́, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń jókòó pọ̀, àti pé ìlànà ìgbìmọ̀ náà fi àyè sílẹ̀ fún olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin àti ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Àga wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ́ kí ọmọ jókòó sí i ló kù.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe àrífín kí ọmọdé máa bá àgbà gbèrò? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìdáhùn: Mo gba òwe náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àkísà wo là ń wí? Ẹni tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1985 ní àkísà ti ọdún 1985. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì láàárọ̀ yìí nìkan ló ní tòní.

Mo wà níbi ìpàdé kan rí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan nílùú yìí. Wọ́n ní kí olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kó àga wá, ó kó o. Wọ́n ní kó pín omi inú ọ̀rá, ó pín in, lẹ́yìn náà ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà fi bí wákàtí kan jiyàn lórí irú ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ògiri iwájú. Ìyá kan tó ṣojú àwọn ọlọ́jà ló yíjú sí i, ó ní, “Ìwọ náà sọ tìrẹ, ọmọ mi.” Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀kùn ṣáláńgá àwa obìnrin kò ní ìkọ́. Bí ẹnì kan bá wọlé, ẹlòmíì ní láti di ilẹ̀kùn mú fún un níta. Ọ̀pọ̀ wa kì í mu omi títí a ó fi délé.” Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá náà tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ìkọ́ ilẹ̀kùn kò tó owó garawa ọ̀dà kan. Ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀ kò bu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ tó sọ kò sì bu ọlá àgbà kankan kù.

Ìbéèrè: Ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò ha ní da ìgbìmọ̀ rú?

Ìdáhùn: Ìlú wa ti rí irú èyí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí, wọn kò sì ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń bu owó náà lé wọn lórí. Olùfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó wọ Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914 gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀, kó wọn jáde ní ọdún 1947, nígbà tó sì di ọdún 1949, Aláké Ademola kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yọ owó orí àwọn obìnrin kúrò, àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun, òun náà sì wà lára wọn. Ẹni tó ń pariwo lẹ́nu géètì lánàá jókòó sídìí ìwé owó.

Ibi tó le fún ajàfẹ́tọ̀ọ́ gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí fara balẹ̀ gbọ́. Níta, o lè béèrè ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìgbìmọ̀, bí o bá ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọn yóò bi ọ́ pé òrùlé tó ń jò ńkọ́, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ. Wàá gbọ́ àṣírí tí o kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́ rẹ, ó yẹ kí o dìde kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ọmọ tí wọ́n bá yàn yóò kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Kí ó yí kíláàsì po kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, láti JSS1 lọ, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ó sì mú ọ̀kan péré tí owó ilé ẹ̀kọ́ lè ká. Kí ó béèrè fún àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, kí ó kà á tán. Lẹ́yìn ìpàdé, kí ó padà lọ bá wọn lórí ìlà àárọ̀, kí ó sọ ohun tí àwọn àgbà gbà àti èyí tí wọn kò gbà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, nítorí àwọn tó wà lórí ìlà yẹn ló rán an níṣẹ́.