Bí líìgì àwọn tí kò gbowó oṣù ṣe gbé box lacrosse ró ní British Columbia

Ní Kánádà, họ́kì orí yìnyín ló máa ń kún inú gbọ̀ngàn ìṣeré nígbà òtútù. Bí ooru bá ti dé, wọ́n á kó yìnyín kúrò, ilẹ̀ kọnkéré á ṣẹ́ kù, gbọ̀ngàn á sì dá páropáro. Àyè tó ṣófo yìí ni box lacrosse ti jáde. Ní ọdún 1931, Leo Dandurand àti Joseph Cattarinich, tí wọ́n wà lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ họ́kì Montreal Canadiens, ń wá ohun tí èèyàn á máa sanwó wò nígbà ooru. Lacrosse ni wọ́n mú, eré ọ̀pá alápò àwọ̀n tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń ṣe lórí pápá kí aláwọ̀ funfun tó dé. Wọ́n gbé e wọ inú ilé, wọ́n sì dín iye àwọn tó ń gbá a kù.

Àgbẹ̀ tó wa iṣu rẹ̀ tán tó wá ki igi ẹ̀gẹ́ bọ ebè ni wọ́n, kí ilẹ̀ tí wọ́n ti náwó lé lórí má baà wà lásán. Líìgì olówó tí wọ́n dá sílẹ̀, tí Montreal, Toronto àti Cornwall wà nínú rẹ̀, kò rí ọdún 1933. Ọ̀dá owó ìgbà náà pa á. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n kì bọlẹ̀ ti hù. Ẹ̀gẹ́ kì í béèrè ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹni tó gé igi rẹ̀ tó sọ ọ́ sẹ́bàá ọ̀nà á padà bá ewé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìlú tí kò ní gbọ̀ngàn rárá ṣe kan pákó yí ilẹ̀ gbalasa ká, tí àwọn ọmọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a níta. Ní British Columbia, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, líìgì Inter-City bẹ̀rẹ̀ ní 1932. Òun náà ni wọ́n wá ń pè ní Western Lacrosse Association, WLA, lónìí.

Ohun tó ń bíni nínú ni pé bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé agbábọ́ọ̀lù WLA kì í gba owó oṣù, wọ́n á ka líìgì náà sí eré ìdárayá ìrọ̀lẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. National Lacrosse League, níbi tí wọ́n ti ń sanwó, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ìparí ọdún, ó sì ń parí nígbà tí ooru bá ń wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbá a á wá padà sí ẹgbẹ́ ìlú wọn, ní British Columbia tàbí ní Ontario, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìlà oòrùn, láti gbá ti ìgbà ooru. Eléré kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni.

Ẹ tún wo ife ẹ̀yẹ méjì. Lord Minto, gómìnà àgbà Kánádà, fi Minto Cup sílẹ̀ ní 1901, àwọn ẹgbẹ́ olówó sì gbà á láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1910, Sir Donald Mann, ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà ojú irin Canadian Northern, fi ife wúrà, Mann Cup, sílẹ̀ fún àwọn tí kì í gbowó. Líìgì olówó wó nínú àwọn ọdún 1920, Minto Cup kò sì rí ẹni dù ú mọ́ títí di 1937, nígbà tí wọ́n fi í fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ti àwọn àgbà, Mann Cup ni wọ́n ṣì ń dù títí dòní. Líìgì olówó mìíràn tún dìde ní 1974; ọdún méjì péré ló lò.

Ẹgbẹ́ méje ló wà nínú WLA. Victoria Shamrocks àti Nanaimo Timbermen wà ní erékùṣù Vancouver, àwọn márùn-ún yòókù wà lágbègbè ìlú Vancouver fúnra rẹ̀. Òkun wà láàárín wọn, nítorí náà ẹgbẹ́ á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì ronú bí wọ́n ṣe máa padà dé kí ilẹ̀ tó mọ́ fún iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ tó ń gbá a láti kékeré á máa gòkè ní ìpele ìpele títí dé Junior A, tí kò gba ẹni tó bá ti ju 21 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹgbẹ́ méjèèje á pín àwọn tó ti dàgbà kọjá ibẹ̀, ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ló sì kọ́kọ́ ń yàn. Ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ètò yìí, gbogbo ọmọ tó mọ eré ni ìbá ya lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó lókìkí jù.

Ẹni tó bá jókòó nítòsí àga àwọn agbábọ́ọ̀lù ló máa rí ibi tí eré náà ti dùn jù. Márùn-ún ń sáré, ẹni kan ń ṣọ́lé. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti ta á sílé. Bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan báyìí, àwọn agbèjà rẹ̀ á sáré wọlé sórí àga, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta á tú jáde ní ẹnu ọ̀nà kejì, kò sì sẹ́ni tó dúró de fèrè. Ojú ilé náà kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ lọ ní fífẹ̀, aṣọ́lé tó wọ aṣọ ààbò bí ẹni rù mátírẹ́ẹ̀sì sì dí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí alátakò bá dínà mọ́ ẹnìkejì, èèyàn á ju bọ́ọ̀lù lu pákó tó yí pápá ká, kó lè ta padà bá a ní igun tó ti fojú wọ̀n. Ní Queen's Park Arena, ilé New Westminster Salmonbellies, pákó ni ilẹ̀ pápá náà, kì í ṣe kọnkéré. Àlejò tó bá débẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ mú, nítorí bọ́ọ̀lù kì í ta bákan náà lórí méjèèjì.

Bí WLA bá ti rí ẹni tó gbégbá orókè, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Major Series Lacrosse, líìgì àwọn àgbà ti Ontario, ni yóò dù Mann Cup. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú méje ló gbà á. Láti Vancouver dé Toronto ju 3,000 kìlómítà lọ. Ẹgbẹ́ tí panápaná àti olùkọ́ wà nínú rẹ̀ kò lè máa fò lọ fò bọ̀, torí náà ojúkan ni wọ́n ti ń gbá gbogbo rẹ̀ tán, bí ìwọ̀ oòrùn bá gbà á lálejò lọ́dún kan, ìlà oòrùn á gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àbùkù kan wà nínú òfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbowó, kò sì yẹ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Òun náà ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ lacrosse Kánádà fi lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò nínú ìdíje ní 1880. Àwọn tí wọ́n lé jáde gba owó láti fi rìnrìn àjò, ni wọ́n bá sọ wọ́n di olówó, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ni eré. Ìwà ìrẹ́jẹ ni. Box ló ṣí ìlẹ̀kùn náà padà. Ní 1936, North Shore Indians, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Squamish ti etí Vancouver wà nínú rẹ̀, dé àṣekágbá Mann Cup, Orillia Terriers láti Ontario sì borí wọn. Ní 1994, Six Nations Chiefs, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Haudenosaunee ní Ontario, gba ife náà. Wọ́n tún gbà á ní 1995, wọ́n sì gbà á ní 1996.