Ẹyẹ Opó ti La Digue: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ máńgòrò l'Ògbómọ̀ṣọ́ lówùúrọ̀ ti lè rí ẹyẹ kan tí orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ pọ́n, tí ìrù gígùn ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Ìbátan ẹyẹ yìí kan wà ní Seychelles, láàárín Òkun Íńdíà, tó jẹ́ pé erékùṣù La Digue ni ibùgbé rẹ̀ gan-an. Vev ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ìyẹn opó, torí akọ rẹ̀ dúdú láti orí dé ìrù bí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀.

Àwọ̀ yìí náà ló ń tan ni jẹ. Ní ti abo, orí rẹ̀ nìkan ló dúdú. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀pa, ikùn rẹ̀ funfun, kò sì ní ìrù gígùn. Akọ tí kò tíì gbó jọ ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń fi àwọ̀ nìkan kà wọ́n yóò ka akọ mọ́ abo.

Ìṣe rẹ̀ ló dára jù láti wò. Yóò bà sórí ẹ̀ka lábẹ́ ìbòòji, yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò máa yí orí. Bí kòkòrò bá fò kọjá, fìrì, ó ti hán an lójú òfurufú. Ó tún ń ṣa aláǹtakùn àti kòkòrò lára ewé. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, irun gan-gan-gan sì yí i ká. Ológoṣẹ́ tó ń fọ́ hóró kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú igi tó ń gbé e ró kò ṣàjèjì sí wa rárá. Takamaka, igi etí òkun kan, àti fúrúùtù ni, fúrúùtù kan náà tí àwọn ọmọ wa ń sọ lókò, tí wọ́n ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀. Ewé gbàràmù-gbaramu wọn ń ṣíji bo ilẹ̀, àbàtà wà nítòsí, kòkòrò a sì pọ̀. Ṣóńṣó ẹ̀ka tó so rọ̀ ni ẹyẹ náà ń kọ́ ìtẹ́ sí. Bí wọ́n bá gé igi láti kọ́lé, tí àbàtà gbẹ, oúnjẹ tán nìyẹn. Ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan, òfò rẹ̀ kì í tètè dí.

Lọ́dún 2008, wọ́n kó ẹyẹ náà 23 lọ sí erékùṣù Denis, ní Seychelles kan náà, kí àjálù kan ṣoṣo má baà pa gbogbo wọn run. Wọ́n ń yé, wọ́n sì ń pamọ níbẹ̀.